Ta Ló Da Omi, Ta Ló Tẹ Ilẹ̀ Tútù?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. A ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ó hàn gbangba pé àwọn tó pa òwe yìí kò gbé Àbújá rí. Nígbà tiwọn, ẹni tó gbé igbá omi dání náà ló ni ẹsẹ̀ tí yóò tẹ ilẹ̀ ọ̀hún. Ọwọ́ rẹ̀ ló dà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò jókòó sínú ọ́fíìsì tó tutù nini, tí yóò fi bírò da omi síwájú, tí ẹlòmíràn ní Lugbe yóò sì tẹ ilẹ̀ tútù títí tí yóò fi kàn án lọ́rùn. Wọn ò sì mọ̀ pé ẹnì kẹta tún ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tí yóò kówó sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ara òun náà tutù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kẹta yìí, torí òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí àwọn ọ́fíìsì Garki bá ti palẹ̀ mọ́, tí mọ́tò ti fún ara wọn pa ní oríta Area 1 àti Area 3, àwọn kan wà tí kì í forí lé ilé. Ìkéde ti wọ fóònù wọn láti àárọ̀: ẹ wá gun kàyáàkì, ẹ wá wo Àbújá láti ojú omi nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, afinimọ̀nà wà, ayàwòrán wà, ìpápánu wà. Wọ́n á bọ́ táì, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò, ó di adágún Jabi.

Fún ẹni tí kò bá mọ Jabi, adágún àtọwọ́dá ni. Wọ́n sé odò nígbà tí wọ́n ń kọ́ olú-ìlú tuntun, omi sì dúró. Láti 2015 ni ilé ìtajà ńlá kan ti wà létí rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin ń gbé ọmọ olówó yípo, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ dáadáa níbẹ̀. N ò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ jókòó sójú omi. Ẹni tó bá fi odindi ọ̀sẹ̀ kan tọ fáìlì ẹyọ kan lẹ́yìn láti orí tábìlì dé orí tábìlì, ó yẹ kí nǹkan tù ú lára díẹ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń tu ara wọn lára. Afinimọ̀nà á fi ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wọ̀ wọ́n, á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ ìtukọ̀ mú, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Á ṣíwájú, wọ́n á tò tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ó di: ẹ wo ilé ìtajà yẹn. Wọ́n á wò ó. Wọ́n á tu ọkọ̀ dé apá kejì. Ẹ tún wo ilé ìtajà yẹn láti ibí. Wọ́n á tún wò ó, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Ilé ìtajà tí wọ́n ti ra búrẹ́dì lánàá ni o.

Ká ní ọmọ Ìlàjẹ kan láti Ayétòrò, tàbí Ẹ̀gùn kan láti Makoko, bá wọn débẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ìbá rú u lójú. Níbi tí òun ti wá, ọmọdé ń tukọ̀ kó tó mọ A B D. Ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, òun náà ni wọ́n ń gbé lọ síbi ìgbéyàwó. Ètò ibẹ̀ kò sì díjú: èrò ń sanwó, atukọ̀ ń tukọ̀. Ní Jabi, èrò á sanwó tán, wọ́n á tún gbé àjẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọmọ Ìlàjẹ á béèrè pé kí wá ni iṣẹ́ ẹni tó gbowó. Wọ́n á ní ó ń fọ̀nà hàn ni. Ọ̀nà wo? Adágún tí èèyàn ti ń rí òpin rẹ̀ láti ibi tó dúró sí! Ayétòrò yìí kan náà, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tilé tilé, títí kan ìtẹ́ òkú. Omi ibẹ̀ pọ̀ ju ti Jabi lọ fíìfíì. Ẹnikẹ́ni ò fi ìkéde rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi rí.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn atukọ̀ ìrọ̀lẹ́ wa á padà sí Garki. Wọ́n á wọ balùwẹ̀, wọ́n á ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ omi á mí hẹ̀ẹ̀, á sì dákẹ́. Ẹni tí omi gbé léfòó láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò rí ti yóò fi bọ́jú. Ó di kó máa pe mẹ́ruwà. Mẹ́ruwà nìyẹn, òun àti kẹ̀kẹ́ tó kó kẹ́ẹ̀gì lé, ó ń gba àárín ilé méjì tí mọ́tò ò lè gbà, ó mọ ilé tí táńkì rẹ̀ ti gbẹ, ó mọ ìyá tó máa ń na owó omi dọ́la. Bí ẹ bá ń wá afinimọ̀nà ojú omi tó mọṣẹ́ nílùú yìí, òun ni kí ẹ bi. Òun ló ń da omi síwájú lójoojúmọ́. Lábẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ sì ti ń tutù, níbi tí kẹ́ẹ̀gì ti ń jò.

Ẹ má sì rò pé àìsí omi ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Abúlé Garki ṣì wà láàárín ìlú, lẹ́yìn àwọn ilé alájà, níbi tí àwọn Gbagyi ti ń gbé kí wọ́n tó fọwọ́ sí Òfin Kẹfà ní oṣù Kejì 1976 tó sọ ilẹ̀ wọn di olú-ìlú gbogbo wa. Àwọn obìnrin Gbagyi kì í fi orí ru ẹrù, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Èjìká yìí ni wọ́n fi gbé omi odò wálé nígbà tí Garki kò tíì ní Area kankan. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó dé tán pátápátá. Wọ́n kó títì wá, wọ́n kó iná wá, wọ́n kó ilé-iṣẹ́ ìjọba wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí omi ṣe wá sí, kó lọ jókòó lẹ́nu abúlé ọ̀hún láàárọ̀ kó máa ka kẹ̀kẹ́ mẹ́ruwà.

Ó yẹ kí n ṣe òdodo sí àwọn olówò kàyáàkì ṣá: fífi ọkọ̀ ojú omi rìn láàárín ìgboro kò ṣàjèjì sí wa. A ní tiwa, ó tóbi ju ti Jabi lọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Keje 2017, nígbà tí omíyalé, àgbàrá-ya-ṣọ́ọ̀bù, bo Lẹ́kí àti agbègbè rẹ̀ l'Ékòó, àwòrán ọkùnrin kan tó gbé kàyáàkì rẹ̀ jáde sáàárín títì tàn káàkiri. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọlọ́gbọ́n lọkùnrin náà: òun nìkan ló gbé mọ́tò tó bá títì mu jáde lọ́jọ́ náà.

Lọ́kọ́jà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá 2022, odò Ọya àti odò Bẹ́núé kún kọjá àyè wọn, títì Ganaja di odò kẹta. Àwọn ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ gbé ọkọ̀ wọn sórí ọ̀dà títì, wọ́n ń gbé èrò pẹ̀lú ẹrù pẹ̀lú ọ̀kadà kọjá. Lápá ọ̀tún, òrùlé. Lápá òsì, òrùlé. Káàkiri Nàìjíríà lọ́dún náà, ó lé ní 600 èèyàn tí omi gbẹ̀mí wọn. Àwa tí a wà ní Àbújá ò tilẹ̀ kọbi ara sí i, títí táńkà epo fi há sí Koton-Karfe, tí ìlà epo sì gùn láti ilé epo dé oríta. Ìgbà yẹn la tó pariwo. Omi Lọ́kọ́jà kò kàn wá, àfi nígbà tó fẹ́ dí wa lọ́wọ́ láti gbé mọ́tò lọ wo omi Jabi.

Ta ló wá da omi náà síwájú? Kàmẹ́rúùnù ni, gbogbo wa ti fẹnu kò lórí ìyẹn. Wọ́n ní ìsédò kan ní Lagdo, tí wọ́n kọ́ parí ní 1982. Bó bá kún, wọ́n á ṣí i, omi á gba Bẹ́núé wọlé tọ̀ wá. Òwe àwọn àgbà rèé, ó kàn kọjá bodè ni: orílẹ̀-èdè kan dà á, orílẹ̀-èdè kejì tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ àdéhùn wà pé àwa náà yóò kọ́ ìsédò tiwa sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa, tí yóò dá omi ọ̀hún dúró. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹni tó bá ń wá Dasin Hausa, kó wá a sínú fáìlì. Mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi lọ́dún 2022 gan-an sọ pé òjò tó rọ̀ sórí ilẹ̀ wa fúnra wa ló pọ̀ jù nínú omi náà, kì í ṣe ti Lagdo. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ó dùn kí ẹni tó da omi jẹ́ àlejò.

Àwọn òyìnbó náà mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má tàn wá jẹ. Ní Chicago lónìí, èèyàn lè sanwó kí wọ́n fi kàyáàkì mú un gba àárín àwọn ilé gogoro kọjá nírọ̀lẹ́, kí afinimọ̀nà máa sọ ìtàn ẹni tó kọ́ èyí àti ẹni tó kọ́ tọ̀hún. Odò tí wọ́n ń gbà lọ yìí, ìdàkejì ló ń ṣàn sí tẹ́lẹ̀. Inú adágún Michigan ló ń lọ, òun àti gbogbo ìgbẹ́ ìlú, adágún yìí kan náà ni wọ́n sì ń mu. Ní 1900 wọ́n gbẹ́ ipa odò tuntun, wọ́n yí omi padà kó máa ṣàn lọ sí gúúsù. Ìgbẹ́ Chicago sì forí lé ọ̀nà St. Louis. Ìpínlẹ̀ Missouri gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1906, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń da omi síwájú, kó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn! Ohun kan tí mo gbà fún wọn ni pé wọ́n padà ná owó ńlá láti fọ odò náà, ọdún lórí ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó lè gbé àjẹ̀ sí i lórí láìbomú. Wọ́n fọ omi wọn kí wọ́n tó tà á.

Àwa ta ibi tí omi ń gbà. Ìwé ètò Àbújá tí ilé-iṣẹ́ IPA parí ní 1979 dùn ún wò: ó fi àfonífojì àwọn odò kéékèèké sílẹ̀ fún igi àti koríko, kí òjò lè rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ipa omi kì í sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, ó gbẹ, ó tẹ́jú, ó ń wuni. Ẹnì kan á pín in, ẹnì kan á rà á, ẹnì kan á fi géètì dúdú sí i lójú. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ta ilẹ̀. Òjò ni wọ́n ń bá onílé níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án 2021, omi wọ ọgbà ilé Trademore ní Lugbe, ó gbé mọ́tò, ó sì gbẹ̀mí èèyàn. Ó tún padà wá ní oṣù Kẹfà 2023, ẹ̀mí tún bọ́, àwọn aláṣẹ sì ní ilé tó wà lójú omi yóò wó. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún wa. Ìbàdàn ti rí i ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí odò Ògùnpa, tí wọ́n ti fi ilé àti pàǹtírí fún lọ́rùn, jí dìde, ó sì kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lọ. Ní Àbújá, bí wọ́n bá dá ilé lẹ́bi, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń kọ X sí i lára. N ò tíì rí X lára bírò.

Àbá tèmi rèé. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ará Garki ti fẹ́ràn à ń fi kàyáàkì wo ìlú nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣètò ọ̀kan fún gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ló máa dára, ọjọ́ kejì òjò ńlá, ní ibikíbi tí omi bá ti wọlé. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì yóò wà, a kì í ṣe ìkà. Wọ́n á sanwó, wọ́n á sì tún fúnra wọn tukọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Jabi. A ò ní gba ọ̀dọ́ kan tó wọ ṣòkòtò péńpé ṣe afinimọ̀nà. Ìyá onílé kan ni yóò ṣíwájú, èyí tí fíríìjì rẹ̀ léfòó gba ojú fèrèsé jáde. Òun ni yóò máa nàka: ilé ìdáná nìyí, ibi tí ọmọ mi ti ń kàwé nìyí, ẹ rọra níbẹ̀ yẹn, jẹnẹrétọ̀ wà nísàlẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì mú ẹ̀dà ìwé tó fọwọ́ sí dání. Ẹni tó bá ní ju ẹyọ kan lọ, ọkọ̀ tirẹ̀ la ó kọ́kọ́ tì sómi.