Ilẹ̀kùn Kọ̀, Kò Ṣí

Ara mi ṣì ń gbóná fún ìtìjú, torí náà ẹ jẹ́ kí n sáré sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sin òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní gúúsù London, níbi tí wọ́n ti ń ta Magic: The Gathering lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Eré káàdì tí Richard Garfield dá sílẹ̀, tó jáde ní 1993, ni. Ẹni méje ló ti wà nílẹ̀, wọ́n ń wá ẹnì kẹjọ. Èmi tí wọ́n ń sá fún nídìí Whot ní Mọ́kọ́lá, ta ni yóò fi káàdì halẹ̀ mọ́ mi? Mo fa àga, mo jókòó.

Draft ni wọ́n fẹ́ ta. Olúkúlùkù á gba ọ̀rá káàdì mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú. Ẹ ó tú ọ̀kan, ẹ ó mú káàdì kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ ó gbé ìyókù fún ẹni tó wà lápá òsì yín. Ìyókù ti ẹni apá ọ̀tún á dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó tún mú ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ títí káàdì á fi tán. Ọ̀rá kejì á gba apá ọ̀tún, ẹ̀kẹta á padà sí òsì. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣà jọ lẹ ó fi to ogójì káàdì: nǹkan bí 17 á jẹ́ ilẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pèsè mana kan ní àwọ̀ tirẹ̀, mana lẹ sì fi ń sanwó káàdì 23 yòókù. Ẹni tí kò mọ káàdì tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó kẹ́yìn, aládùúgbò rẹ̀ ló ń bá kó ogun jọ.

Ọ̀rá àtijọ́ ni wọ́n tú lọ́jọ́ náà, ti Magic 2013, tó jáde ní 2012. Mo tú tèmi, mo rí Murder: mana mẹ́ta péré, á pa ẹ̀dá yòówù, ìyẹn káàdì tó ń jà, tẹ́ ẹ bá nawọ́ sí. Àmì ara rẹ̀ dúdú, ìyẹn ni pé ó wọ́pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àmì wúrà kan tàn yanran: Door to Nothingness. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Ó ní ẹni tí mo bá nawọ́ sí ti pàdánù eré. Tán! Kò ní ká máa jà, kò ní ká máa ṣírò. Mo gbá ilẹ̀kùn mọ́ àyà, mo ti Murder sí apá òsì.

Ohun tí mi ò kà dáadáa ni àwọn róbótó kéékèèké mẹ́wàá tó wà lókè gbólóhùn yẹn. Iye owó ṣíṣí ilẹ̀kùn nìyẹn: funfun méjì, búlúù méjì, dúdú méjì, pupa méjì, aláwọ̀ ewé méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Káàdì méje lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ń fa ọ̀kan sí i nígbàkígbà tó bá kàn yín. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ 17 nínú 40, ẹ ó ti fa káàdì bíi 24 kí ilẹ̀ mẹ́wàá tó pé lọ́wọ́ yín. Kò sì tíì sí ìdánilójú pé àwọ̀ á bára mu! Jẹnẹrétọ̀ ńlá tí owó epo rẹ̀ ju owó oṣù lọ ni mo gbé wálé.

Mo tò ó ṣá, àwọ̀ márààrún. Nígbà tí mo tú ọ̀rá kẹta, mo bá ọkùnrin kúkúrú kan pàdé níbẹ̀, Krenko, olórí àwọn Goblin. Lẹ́ẹ̀kan nígbàkígbà tó bá kan ẹni tó ni ín, á bí Goblin tuntun tí iye wọn bá iye Goblin tó wà nílẹ̀ dọ́gba. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú òǹkà. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi gìrìpá ṣe? Farseek ni mo mú, torí ó ń bá èèyàn wá ilẹ̀ aláwọ̀ mìíràn. Krenko náà kọjá sí apá òsì.

Ta ni wọ́n wá so mí pọ̀ mọ́? Ọmọkùnrin apá òsì mi, ọ̀rẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, tó ń pè mí ní Uncle tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Eré kìíní ò tó nǹkan tí à ń ròyìn: káàdì aláwọ̀ ewé kún ọwọ́ mi, búlúù àti funfun nìkan ni ilẹ̀ tó wà níwájú mi. Mo jókòó, wọ́n nà mí.

Nínú eré kejì, ilẹ̀ kọ̀ tí kò wá fún ọmọ náà. Èmi ń fa ilẹ̀ ṣáá. Mo gbé ilẹ̀kùn kalẹ̀, àwọn tó ti parí tiwọn sì kóra jọ sẹ́yìn wa, wọ́n ní àwọn ò rí ẹni tó ṣí i rí. Orí mi wú. Ọmọ náà rí ilẹ̀ kẹrin, ó gbé Krenko kalẹ̀. Goblin di méjì, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́jọ. Kí ni mo fẹ́ fi pa á? Murder tó yẹ kó wà lọ́wọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀mí mi, tó jẹ́ 20 níbẹ̀rẹ̀, ti ku márùn-ún.

Mo fa káàdì. Ilẹ̀! Ẹ̀kẹwàá! Mo dìde dúró. Mo yí ilẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ẹ̀gbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ, mo sì fi ohùn alága ìjókòó kéde pé, "Ìwọ! O ti pàdánù!" Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Mo ti ń na ọwọ́ fún un pé kó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ilẹ̀ mi. Ó ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, búlúù yín mélòó ni?"

Mo kà á. Funfun méjì, dúdú méjì, pupa méjì, ewé mẹ́ta. Búlúù, ọ̀kan. Mo tún un kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bóyá á pọ̀ sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti yíjú sí ògiri. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Goblin méje ya wọlé, ẹ̀dá kan ṣoṣo tí mo ní dí ọ̀kan lọ́nà, mẹ́fà yòókù parí iṣẹ́.

Inú bí mi, kì í ṣe sí ọmọ náà. Ta ló ní kí wọ́n lẹ wúrà mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Àmì wúrà kàn ń sọ pé káàdì ṣọ̀wọ́n ni, kò sọ pé ó wúlò, owó kan náà ni mo sì fi ra ọ̀rá mi. Àwọn tó ń to káàdì lẹ́sẹẹsẹ náà ò ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n á kọ 4.5 síwájú ọ̀kan, 2.0 síwájú òmíràn, wọ́n á dákẹ́, bí ẹni pé máàkì yẹn á máa bá káàdì lọ síbikíbi tó bá lọ. Ìlànà àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ló ní ìdí: kọ́kọ́ mú èyí tó lè dá borí, lẹ́yìn náà èyí tó ń pa ẹ̀dá ọ̀tá, lẹ́yìn náà èyí tó ń fò tàbí tó ṣòroó dí lọ́nà, lẹ́yìn náà àwọn jagunjagun lásán, pàǹtírí ló kẹ́yìn. Ìkànnì 17Lands wà pẹ̀lú, tó ń gba àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta Magic Arena, ìyẹn Magic orí ẹ̀rọ, tó sì ń ṣírò bí ẹni tó fa káàdì kan ṣe ń borí sí. Káàdì olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀, torí wọ́n máa ń rí i lò kí eré tó tán.

Mo gba ẹ̀kọ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Mo wọ Arena lórí fóònù, gbogbo ohun tó lè pa ẹ̀dá ni mo ṣà jọ, mo fi àwọn tó ń bá èèyàn fa káàdì kún un. Mo pa gbogbo ohun tí ọ̀tá gbé kalẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọjú láti ẹ̀yìn, ó ní, "Uncle, ẹ ti pa wọ́n tán. Kí lẹ fẹ́ fi nà án wàyí?" Mo wo ọwọ́ mi, kò sí jagunjagun kan níbẹ̀. Mo ní kí n fa káàdì sí i. Káàdì mi ti tán pátápátá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé nínú eré yìí, ẹni tó bá fẹ́ fa káàdì tí kò rí ọ̀kan fà ti pàdánù.