Alágbára Ojú Kan

Ẹni tó bá ń gbé ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, pàápàá jù lọ ní agbègbè Alief àti òpópónà Bissonnet, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra ẹ̀lúbọ́, kí ó gẹrun, kí ó sì gbọ́ gbogbo ẹjọ́ ìyàwó ẹni tí kò mọ̀ rí láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo, yóò ti pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bí kò bá sì tí ì pàdé rẹ̀, yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí kí ó tó yọ ní ìkóríta ni sàléńsà ọkọ̀ rẹ̀ ti ń bú ramúramù, tí àwọn ọmọ ìkókó ń ta gìrì lójú oorun. Orúkọ tí àwọn òbí sọ ọ́ kò kàn wá. Alágbára Ojú Kan ni a ó máa pè é, ìdí orúkọ náà yóò sì hàn láìpẹ́.

Kì í ṣe ènìyànkénìyàn o. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní Texas Medical Center. Díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀, kì í sì í jẹ owó àjọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fún un ní gbogbo ìwà wọ̀nyí ló tún fún un ní Camaro SS ti ọdún 2010, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, alágbára ẹṣin 400, tí jíà ọ́tò rẹ̀ jẹ́ onípele mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ Sátidé, oríkì ni yóò máa kì í: akọ mọ́tò, a-dún-bí-àrá-lọ́jọ́-ẹ̀ẹ̀rùn, a-jí-àdúgbò-má-bẹ̀bẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ dúdú tí ń fi rọ́bà kọ̀wé sójú títì. Mo ti gbọ́ tí ó ń ki ọkọ̀ náà. N kò tí ì gbọ́ tí ó ki ọmọ rẹ̀.

Camshaft, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, ni ó kọ́kọ́ pààrọ̀. Camshaft tuntun náà kó gbogbo okun ẹ́ńjìnnì lọ sókè, ó sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá dúró níbi iná pupa, tí jíà sì wà ní D, ṣe ni gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ìdí gidi wà nígbà náà tó fi yẹ kí ó pààrọ̀ torque converter, èyí tí àwọn mẹkáníìkì gé kúrú sí kọ̀nfátà. Èwo ni kí ó wá rà? Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun róbótó kan ni kọ̀nfátà, láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà ọ́tò ló wà, ọ́ìlì ló sì kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó gbé fáànù méjì kojú ara wọn, kí ó tan ẹyọ kan: atẹ́gùn èyí tí iná ń yí ni yóò máa yí èkejì. Ọ́ìlì ló wà nípò atẹ́gùn nínú kọ̀nfátà. Ẹ́ńjìnnì ń yí abẹ̀bẹ̀ kan, ọ́ìlì tí èyí ń tú jáde ń yí èkejì tó so mọ́ jíà, abẹ̀bẹ̀ kékeré kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì tó ń darí ọ́ìlì náà padà síbi tí yóò ti wúlò, débi pé nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, ipá tó dé ọ̀dọ̀ jíà lè tó ìlọ́po méjì èyí tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Hermann Föttinger, ọmọ Jámánì, ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí ní 1905, ọkọ̀ ojú omi ló sì rò ó fún. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Buick gbé e wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn ní 1948, tí wọ́n pè é ní Dynaflow, ìrọ̀rùn ni wọ́n fi ń wá oníbàárà: kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ, kí orí àgbàlagbà má mì. Ohun tí a ṣe kí orí má baà mì ni Alágbára wá ń náwó lé lórí kí tirẹ̀ lè mì dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tó gba oorun lójú rẹ̀ ni stall. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọingbọin tí ó sì tẹná, ẹ́ńjìnnì yóò yí títí dé ibi tí ọ́ìlì inú kọ̀nfátà kò ti ní jẹ́ kí ó yí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní stall. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé ariwo ń sọ, ọ́ìlì ń hó, epo ń jóná, ọkọ̀ kò sì tí ì kúrò lójú kan. Nọ́ńbà yìí gan-an ni ọkùnrin wa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń díwọ̀n ọkùnrin. Ẹnì kan nínú wọn ní 3,600. Òmíràn fi 3,800 lé e. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ni Alágbára bá ní 4,000 ni òun ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí kì í ṣe ti kọ̀nfátà nìkan, pé kọ̀nfátà kan náà tó fi 2,800 hàn lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ yóò fi jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tó lágbára. Tàbí kẹ̀, wọ́n sọ fún un. Bí ẹ bá bi mí, 2,800 tó ọkọ̀ yẹn í gbé relé.

Ó wá tẹ àwọn tó ń ṣe kọ̀nfátà láago. Oníṣẹ́ gidi kì í ta kọ̀nfátà láìbéèrè ọ̀rọ̀, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó gbé fóònù béèrè ìwọ̀n ọkọ̀. Ọkọ̀ yìí lófìfo lé ní 3,900 pọ́n-ùn, kí a tó ka díákónì, kí a tó ka àpótí orin tó wà nínú búùtù, kí a tó ka kúlà ìrẹsì méjì tí kì í kúrò níbẹ̀ ní àkókò ìnáwó. Alágbára ní 3,600. Báyìí ló ṣe sọ òkété di èlírí lórí fóònù.

“Ṣé ẹ máa ń wà á lójoojúmọ́?”

“Rárá o. Ọjọ́ Sátidé nìkan, ní pápá ìdíje.”

Níbi tó ti ń dáhùn yìí, iwájú ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ló wà, ó ń dúró kí aago lù, ìjókòó ọmọdé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti pápá ìdíje, wọ́n ti pa èyí tó wà ní Baytown tì láti 2023. Nígbà tó ṣì wà ní ṣíṣí gan-an, tíkẹ́ẹ̀tì òǹwòran ni Alágbára máa ń rà.

Nígbà tí ẹrù dé, ìyàwó rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ oníléńtà.

“Bàbá Dámi, kí ló wà nínú páálí wúwo yìí?”

“Nǹkan jíà ni.”

“Ṣé jíà wa bàjẹ́ ni?”

“Kò bàjẹ́.”

“Ó dáa.”

Obìnrin náà kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ló sì dun ọkọ rẹ̀ jù, nítorí ó ti pèsè òwe sílẹ̀ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, kò sì rí ẹni tí yóò pa á fún.

Mẹkáníìkì tó bá a dè é, ọmọ Ìbàdàn kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yá ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ dájú, sọ jíà kalẹ̀, ó da ọ́ìlì sínú kọ̀nfátà tuntun, ó sì ń yí i tìítìí, ó ń tì í wọlé, etí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó dún kó, ó rì díẹ̀. Ó dún kó lẹ́ẹ̀kejì. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ná, ó ku ẹyọ kan,” ló wí, nítorí bí kò bá rì lẹ́ẹ̀kẹta tí a sì dè é bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù inú jíà ni yóò fọ́. Alágbára kò dákẹ́. Ó ń fi fóònù ya fídíò. Nígbà tí ìkẹta dún tán, mẹkáníìkì nu ọwọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, rédíétọ̀ kékeré tí yóò máa tu ọ́ìlì jíà lára ńkọ́? Stall gíga yìí, ooru ni o.” Alágbára ní àwọn yóò máa wò ó. Owó ti tán sórí 4,000.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan ní Katy ni ooru náà wá gba owó rẹ̀. Katy Freeway fẹ̀ débi pé, bí a bá ka ti ẹ̀gbẹ́ títì mọ́ ọn, ojú ọ̀nà 26 ni ó ní níbi tó fẹ̀ jù. Síbẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀nà bá já gaara, kílọ́ọ̀ṣì inú kọ̀nfátà a máa di ẹ́ńjìnnì àti jíà pọ̀, wọn a máa yí bákan náà, kò ní sí yíyọ̀, ooru kò sì ní sí. Ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọ́ìlì nìkan ló ń jìyà, àwọn oníṣẹ́ jíà a sì máa sọ pé bí ooru bá ti kọjá 175 ní ìwọ̀n Fahrenheit, gbogbo 20 tó bá tún gun orí rẹ̀ ń gé ẹ̀mí ọ́ìlì sí ìdajì.

“Dádì, nǹkan ń rùn.”

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú agbádá funfun, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró tì í bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà. Alàgbà ìjọ wọn kan tó ń wa Corolla kọjá yọjú síta: “Díákónì, ṣé kò sí o?”

“Kò sí, sà. Ó ń sinmi ni.”

Lọ́jọ́ kejì ó pe mẹkáníìkì. Ọmọ Ìbàdàn náà ní kí ó ra rédíétọ̀ jíà, kí ó sì dá kọ̀nfátà padà kí wọ́n bá a sọ stall rẹ̀ wálẹ̀. Alágbára gbọ́ ọ jẹ́ẹ́ títí ó fi parí, lẹ́yìn náà ló wá ní òun ti rò ó dáadáa, pé jíà ẹ̀yìn ló kù, pé 3.27 tó bá ọkọ̀ náà wá ti kéré jù fún agbára tuntun yìí.

“Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ wá fẹ́?”

“Èwo ni àwọn yòókù ń lò?”