Bí Fèrè Ọdẹ Bá Yadi

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pa òwe yìí, ajá là ń dá lẹ́bi. A ní etí rẹ̀ ló di, a ní oríkunkun ló ń ṣe é, a ní ẹmọ́ ló ń lé lọ. Kò sẹ́ni tó bi ọdẹ léèrè rí pé: "Bàbá ọdẹ, ṣé ẹ tiẹ̀ fọn fèrè náà?"

Ọkọ̀ òfurufú Virgin Atlantic kan ló jẹ́ kí n bèèrè. Ní oṣù kejì ọdún 2005, ó gbéra ní Hong Kong, ó ń lọ sí London. Airbus A340-600 ni, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní. Epo wà nínú apá rẹ̀, ó wà níkùn, kódà ó wà nírù. Táńkì mẹ́rin nínú apá ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, táńkì kan fún ẹ́ńjìnnì kan. Kọ̀ǹpútà ló ń bu epo láti àwọn táńkì yòókù wá kún wọn, bí ìyàwó ilé tó ń bu omi àmù sí ìkòkò ìdáná. Awakọ̀ kì í dá sí i.

Wọ́n ti fò tó wákàtí mọ́kànlá. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ìdájí, lójú sánmà Nẹ́dálándì, ẹ́ńjìnnì kìíní kú. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ rò pé epo ń jò ni. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì kẹrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣí gbogbo ọ̀nà tí epo ń gbà láti ìhà kan sí èkejì, ẹ́ńjìnnì kẹrin bá ta jí. Ìgbà náà ni wọ́n wo táńkì tó ń bọ́ ọ: òfo! Bẹ́ẹ̀ epo ṣì wà níkùn, ó wà nírù. Àgbà ní a kì í gbé inú odò kí ọṣẹ hó síni lójú. Ọkọ̀ yìí gbé inú odò, ọṣẹ sì hó sí i lójú.

Ṣé ajá ló wá di etí? Rárá o. Etí àwọn awakọ̀ là sílẹ̀, kí wọ́n má bínú sí àpèjúwe mi. Fèrè tó yẹ kó ké pé epo ń tán ni kò dún.

Àwọn aṣèwádìí ìjọba Ilẹ̀ Ọba tú ọ̀rọ̀ náà wò. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń bójú tó epo, ọ̀kan ọ̀gá, èkejì igbá-kejì. Ọwọ́ ọ̀gá rọ: ó ń pàṣẹ, àṣẹ kò jáde. Ó yẹ kó gbé ọ̀pá àṣẹ sílẹ̀, àmọ́ ó jọ pé àìsàn igbá-kejì tiẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ni ọ̀gá bá jókòó pa sórí àga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ bàálù ni mò ń sọ, n kò bá ìjọba ẹnikẹ́ni wí.

Àwọn méjì yìí náà sì ni wọ́n fi fèrè sí lọ́wọ́. Ẹni tó dákú ni a ní kó wá kéde pé òun ti dákú! Fèrè kejì tiẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń gba ìkìlọ̀ kò kà á sí. Ní ìṣirò tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjèèjì bá ṣì ń mí, ta ni yóò fetí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé?

Kí a tó fi òyìnbó ṣẹ̀sín, ẹ gbọ́ tiwa. Bàbá onílé wa ra pọ́ǹpù tó ń dá tan ara rẹ̀. Bí omi orí òrùlé bá fẹ́ tán, á fa omi kànga. Bí kò bá rí i fà, iná pupa á tàn lára ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gun àkàsọ̀ wo táńkì mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n mú iná lọ. Pọ́ǹpù kú, iná pupa bá a kú, torí wáyà kan náà ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ìyá Ìbejì wà ní balùwẹ̀, ọṣẹ bò ó láti orí dé ọrùn.

"Bàbá, omi ti tán o!"

Bàbá wo ògiri. "Kò lè tán, Ìyá Ìbejì. Iná pupa ò tàn."

Kànga tó kún dẹ́nu kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí balùwẹ̀.

Ìwà òmùgọ̀ ayé òde òní nìyẹn: bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, a ní àlàáfíà ló dé. Awakọ̀ dánfó tí géèjì rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, igi ló ń tì bọ táńkì kó tó gbéra. Ẹni tí géèjì rẹ̀ ṣì ń dán gbinrin ni kí ẹ bẹ̀rù fún.

Àwọn aṣèwádìí ní kí ìkìlọ̀ epo má gba ọwọ́ kọ̀ǹpútà tó ń pín epo mọ́, kí fèrè ní ẹnu tirẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, fèrè kankan kò tíì ní ẹnu. Àwọn awakọ̀ ń fọwọ́ darí epo, àmì pé epo ń ṣàn kò sì hàn níwájú wọn. Ọ̀gá wọn kò dúró kí ẹ̀rọ fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó yà sí Amsterdam, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló fi balẹ̀ láìfarapa.

Ajá yẹn kò gbọ́ fèrè. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ọdẹ, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé.