Ọnọ́rébù Bẹ́ẹ̀-Ni

Bí ẹ bá wà lóde ìnáwó, tí onílù ṣàdédé fi ọmọ olóòkú tó ń kì sílẹ̀, tó kọjú sí ẹnu géètì, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọnọ́rébù ló dé. Ọmọkùnrin kan gbé báàgì owó tuntun tẹ̀lé e. Èkejì gbé fóònù mẹ́ta. Ẹ̀kẹta kò gbé nǹkan kan, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa pariwo "Ọnọ́rébù! Ọnọ́rébù!" bí ẹni pé ọkùnrin náà lè gbàgbé ẹni tó jẹ́. Agbádá rẹ̀ gbòòrò débi pé ènìyàn mẹ́rin ní láti sún kó tó jókòó.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìtàn. Ìyàwó rẹ̀ gan-an, Ọnọ́rébù ló ń pè é nínú yàrá. Oyè yìí kì í sì í ṣe èyí tó ń bọ́ lórí ẹni. Ẹni tó bá ti fi ìdí kan àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ fún ọdún mẹ́rin péré, Ọnọ́rébù ni títí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ìpolówó òkú rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó jẹ́ ti Yorùbá ní àga aṣòfin 176 láàárín ara wọn: Èkó ní 40, Ọ̀yọ́ ní 32, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì sì ní 26 níkọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Mo mọ àwọn tó ń ka ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú wọn, tí wọ́n ń béèrè ohun tí kò yé wọn, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ di ọ̀tá àwọn kan. Ẹni tí mo ń sọ kò ní ọ̀tá kankan. Ọ̀tá kì í bá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀.

Ìdí báàgì ló ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó ní ẹni tó ń bá a gbé báàgì, òun náà ti fi ọdún méjìlá gbé ti Bàbá. Bàbá yìí ni bàbá ìsàlẹ̀ tí kò du ipò kankan rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè dé ipò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Akọni wa mọ oògùn tí Bàbá ń lò lẹ́yìn ẹ̀kọ àárọ̀. Ó mọ àlejò tó yẹ kó sọ fún pé Bàbá ń sùn. Ó sì mọ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín kí ẹ̀fẹ̀ Bàbá tó parí, nítorí ẹni tó bá dúró kó parí lè má rí ìdí tí yóò fi rẹ́rìn-ín.

Òfin kò béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe aṣòfin. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni tẹ́lẹ̀. Ní 2018 wọ́n dín in kù sí 25. Kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ní ẹgbẹ́ òṣèlú, kó sì ti kàwé dé ìwé mẹ́wàá, tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Ohun kan ṣoṣo ni òfin kò kọ sílẹ̀: kí ẹnì kan dá orúkọ rẹ nínú pálọ̀ Bàbá lálẹ́, kí Bàbá má sì fèsì. Bí Bàbá kò bá ti fèsì, ó ti gbà nìyẹn.

Àwọn mẹ́ta mìíràn fẹ́ àga náà. Òfin ìdìbò ọdún 2022 ní bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fohùn ṣọ̀kan fa ẹnì kan kalẹ̀, àwọn olùdíje yòókù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn yọ̀ǹda. Wọ́n kọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún bó ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí ojú wọn gbẹ.

Nígbà ìpolongo, ó ṣèlérí ọ̀nà, omi àti iná. Ẹ fara balẹ̀ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kò sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ aṣòfin. Iṣẹ́ aṣòfin ni kó ṣòfin, kó yẹ ìṣúná ìjọba wò kó tó fọwọ́ sí i, kó sì máa ṣọ́ bí àwọn aláṣẹ ṣe ń ná owó ìlú. Kò dárúkọ ìkankan nínú wọn, àwa náà kò sì bi í. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀la jẹ́ ìdìbò, àwọn ọmọ rẹ̀ gba àdúgbò kọjá. "Dìbò kí o sebẹ̀" ni wọ́n ń pe ètò náà. A dìbò, a sì sebẹ̀. Ọbẹ̀ ọ̀hún kò dé ọjọ́ kejì.

Bó ṣe di ọmọ ilé aṣòfin nìyẹn, ní Agodi, n'Ìbàdàn.

Ìwé òfin ọdún 1999 ní ilé náà gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 lọ́dún, ó kéré tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ran Ọnọ́rébù wa lọ́wọ́ láti la ọjọ́ wọ̀nyẹn já. Abẹnugan yóò ní kí ẹni tó bá fara mọ́ àbá náà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni!" Abẹnugan yóò kan òòlù mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì borí. Mo ti wo bó ṣe ń ṣe é. Kì í gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ kì í pẹ́, kì í sì í yá jù. Ẹ̀bùn ni.

Nígbà tí gómìnà fi orúkọ àwọn tó fẹ́ fi ṣe kọmíṣọ́nnà ránṣẹ́, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, Ọnọ́rébù wa ló kọ́kọ́ dìde. "Mo mọ arákùnrin yìí dáadáa. Ọmọlúàbí ni. Kó tẹríba, kó máa lọ." Arákùnrin tẹríba, ó lọ, wọ́n sì fi owó ìpínlẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìwé ìṣúná dé, ó nípọn bí ìgbà tí ènìyàn to Bíbélì lé Kùránì. Ọnọ́rébù ṣí i sí ojú ìwé kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n kọ kànga ẹ̀rọ àdúgbò tirẹ̀ sí. Ó rí i, ó pa á dé. Bẹ́ẹ̀ ni!

Àwọn ará Èkó a máa fi èdè Yorùbá jókòó nílé aṣòfin tiwọn ní Ọjọ́bọ̀. Tèmi máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìpínlẹ̀ òun kọ́ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni agbádá tó ń bo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè dìde, kó kí Abẹnugan, kó kí ẹni tó dá àbá, kó kí ẹni tó kín in lẹ́yìn, kó yin gómìnà, kó sì jókòó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ nǹkan kan. Ní Yorùbá, bó bá ti sọ pé "Mo fara mọ́ ọn," ọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ilé yóò máa wò ó, bóyá ó kù.

Ibi tí òye rẹ̀ ti ga ni ìṣirò. Ìwé òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé ló lè yọ gómìnà. Nínú ènìyàn 32, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò sọ fún yín pé 22 ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2006, àwọn 18 kéde n'Ìbàdàn pé àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ladọja. Ó di oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó bá wọn tún ìṣirò ọ̀hún ṣe. Ní Èkìtì, ní oṣù Bélú 2014, méje nínú 26 ló ní àwọn ti yọ Abẹnugan Adéwálé Omirin. Ní Èkó, ilé yọ Abẹnugan Mudashiru Obasa ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025. Nígbà tó fi di oṣù Ẹrẹ́nà, ilé kan náà ti dá a padà sórí àga. Ẹni tó bá ń ka orí àwọn tó jókòó kò lè mọ ìdí irú rẹ̀. Ibi tí fóònù ti ń dún wá ni kó wò. Ọnọ́rébù tèmi kò fìgbà kan ṣi ibẹ̀ mọ̀.

Ó tún fẹ́ràn ìtàn. Bí ẹ bá fún un ní ọtí ẹlẹ́ẹ̀kejì, yóò sọ fún yín bí wọ́n ṣe sọ àga lu ara wọn nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 25 oṣù Èbìbí 1962, tí ọlọ́pàá fi tajútajú lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n ìjọba tó gba owó ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ilé yẹn kan náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, tó sọ bàbá òun fúnra rẹ̀ di ẹni tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀, kì í wá sí i lẹ́nu. Nínú gbogbo ìtàn ilé náà, àga ló rántí.

Nígbà tí gómìnà bọ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, Ọnọ́rébù náà yí fìlà padà. Òfin ní aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò pàdánù àga rẹ̀, àyàfi bí ìyapa bá wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ó wá ìyapa lọ, ó sì rí i: alága àti akọ̀wé wọn kò kí ara wọn níbi ìkómọ kan.

Mo lọ kí i nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Ìta ti kún. Ìyá arúgbó kan ń gbàdúrà fún un láti ojú fèrèsé: "Ọkọ mi, wàá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì! Wàá ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta!" Ìyá náà gba ẹ̀rọ ìlọta níbi ètò ìrónilágbára ọdún tó kọjá. Wọ́n lẹ àwòrán Ọnọ́rébù mọ́ ọn lára. Ẹ̀rọ náà bàjẹ́ láàárín oṣù méjì. Àwòrán ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ọnọ́rébù, ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Òfin wo lẹ ti ṣe?"

Kò bínú. Ó ní kí wọ́n bá mi gbé omi tútù wá. Ó wá fà mí lọ́wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ṣí kọ́tìnì díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwọn èèyàn yìí. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ìwé oògùn ló mú wá. Ìyàwó yẹn, owó iléèwé ọmọ mẹ́ta. Bàbá onífìlà pupa yẹn, àna rẹ̀ ló kú, ó fẹ́ màlúù. Mélòó nínú wọn ló bá òfin wá?"

Mi ò rí nǹkan sọ.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé Agodi, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè òfin lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó wà níta gbọ́ o."

Mo mu omi náà tán. Ìwé ìwáṣẹ́ ọmọ àbúrò mi wà nínú àpò mi. Òun ló gbé mi dé ibẹ̀ gan-an. Mo yọ ọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbé e lé orí àwọn yòókù.

Bí yóò ṣe parí kò ṣòro láti mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn yóò ti gbé báàgì Bàbá pẹ́ tó. Wọn yóò dá orúkọ ẹni náà lálẹ́, Bàbá kò ní í fèsì, ìwé ìyọ̀ǹda yóò sì dé iwájú Ọnọ́rébù wa, kó kọ ọ́. Ìta ilé rẹ̀ yóò dá kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Onílù yóò rí i lókèèrè, yóò sì tún ìlù rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó ti ń sùn sí ẹnu ọ̀nà Bàbá, wọ́n á ṣàánú rẹ̀, wọ́n á fi ṣe olùdámọ̀ràn pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní gba ìmọ̀ràn rẹ̀ lé lórí. Báàgì ló bẹ̀rẹ̀, báàgì ló parí sí. Ọdún mẹ́rin tó wà láàárín, báàgì kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé agbádá bò ó.

Abala 110 ìwé òfin fún wa lágbára láti pe aṣòfin padà sílé. Kí iye tó ju ìlàjì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò lágbègbè rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n sì dìbò lé e lórí láàárín ọjọ́ 90. Ìdajì ìlú! Ìdajì ìlú wa kì í péjọ síbi kan àfi níbi tí wọ́n bá ti ń pín ìrẹsì. Ohun tó rọrùn jù wà nílẹ̀. Nígbà tó bá tún dé, tó ń kí yín nílé-nílé, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré kí ẹ tó na ọwọ́: òfin wo lẹ ṣe? Ẹni tó bá ti na ọwọ́ ṣáájú, kó fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èmi ti fi tèmi sílẹ̀. Ìwé ọmọ àbúrò mi ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀.