Téèpù Aláṣọ, Ọ̀gá Mẹkáníìkì

Ajíṣebí Ọ̀yọ́ là ń rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kankan. Òótọ́ ni. Ìlú tí wọ́n ti ń fọwọ́ rán awọ di tìmùtìmù láti ayé baba ńlá wọn, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ Micra ti ń fi téèpù gba bọ́ḿpà mọ́dìí bí abiyamọ ṣe ń fi ọ̀já gba ọmọ pọ̀n.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní LAUTECH láti 1990, tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ẹ̀rọ! Ọ̀kadà tí mo gùn ní Tákìé, téèpù ló di iná iwájú mú, òun náà ló di ìjókòó. Mo bi ọlọ́kadà pé kí ló wá di èmi mú. Ó ní, "Ọlọ́run ni, bọ̀ọ̀dá."

Bẹ́ẹ̀, ogun ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe téèpù yìí. Lọ́dún 1943, ìyá kan, Vesta Stoudt, ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ọta ìbọn ní Illinois, l'Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wà nínú ọmọ ogun ojú omi. Ó rí i pé téèpù bébà ni wọ́n fi ń lẹ páálí ọta, tí wọ́n á wá fi ìda bò ó kí omi má wọlé. Bí ọmọ ogun bá fa etí bébà náà, á já sí i lọ́wọ́. Ta ni yóò wá bẹ ọ̀tá kó ní sùúrù? Ìyá ní kí wọ́n lo téèpù aláṣọ. Àwọn ọ̀gá kọ etí ikún. Ló bá kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Roosevelt! Níbí, wọ́n á ní kí lẹ́tà náà gba ọwọ́ ọ̀gá tó kọ etí ikún yẹn kọjá ni. Ààrẹ ní tirẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá náà.

Johnson & Johnson ló ṣe téèpù náà: aṣọ òwú láàárín, ọ̀rá lẹ́yìn tí omi ò lè wọ̀, rọ́bà tó ń lẹ̀ lábẹ́. Ọwọ́ lásán la fi ń ya á. Lọ́dún 1970, òun ni àwọn ará Apollo 13, ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá, fi lẹ ohun tó ń fọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi délé láàyè. Ẹ wá ní kí òun náà gbé bọ́ḿpà yín láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé kòtò wà lọ́nà òṣùpá ni?

Ẹ ṣáà nu eruku kúrò kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Rọ́bà rẹ̀ kì í gba eruku, oòrùn ọ̀sán a sì máa yọ́ ọ. Ti bíréèkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì.