Bẹ́ẹ̀-Lẹ-Wí

Kò sí ìlú tí kò ní Bẹ́ẹ̀-lẹ-wí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti Ìdàáṣà (Dassa-Zoumè) ní Benin ló gbégbá orókè. Ẹ ó bá a lábẹ́ igi ní ìkóríta tí ọ̀nà Kútọnu ti pínyà sí Parakú àti Sàvàlú, fìlà lórí, orín lẹ́nu. Kò purọ́ rí. Ohun tí ẹ bá sọ gan-an ló máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń jẹun, tó ń kọjá, tí ẹ sì pè é pé, "Ẹ wá bá wa jẹun," ẹni tí ilé kọ́ yóò ní, "Á gba ibi ire o." Bẹ́ẹ̀-lẹ-wí á ti máa ṣan ọwọ́. "Ṣé ẹ pè mí ni àbí ẹ ò pè mí?" Kí ẹ tó wá èsì, ẹran ti tán nínú àwo.

Lóṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn Àgùdà ń rọ́ lọ síbi ihò àpáta Àrígbó fún ìrìn-àjò mímọ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti 1954, ìyá kan tó ń ta gàrí fẹ́ sáré lọ gbé omi. Ó kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sọ́jà mi, mò ń bọ̀." Bàbá jókòó, ó lajú sílẹ̀ kalẹ̀. Ewúrẹ́ kan dé, ó ti ẹnu bọ ọpọ́n, ó jẹ gàrí títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun. Bàbá ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Nígbà tí ìyá dé tó figbe ta, ó ní: "Ẹ ní kí n fojú sí i, mo fojú sí i. Ẹ bi mí irú ewúrẹ́ tó jẹ́: dúdú ni, etí rẹ̀ kan gé. Ẹ ò ní kí n lé e."

Ìlú wo sì ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀? Ìlú òkè 41! Orí àwọn òkè wọ̀nyẹn làwọn baba Ìdàáṣà ń sá sí nígbà tí ogun Dàhómì ń kó ènìyàn lẹ́rú, kí àwọn Faransé tó gba Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhómì, lọ́wọ́ ọba Béhanzin ní 1892. Ká ní Bẹ́ẹ̀-lẹ-wí ni wọ́n fi ṣọ́ òkè láyé ìgbà náà, ìran Ọmọ Jagun, ìdílé ọba Ìdàáṣà, ì bá ti di ìtàn. "Kábíyèsí, ẹ ní kí n fojú sọ́nà. Mo rí wọn. Wọ́n pọ̀ gan-an."

Àwọn alájọ náà ti gba tiwọn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ fẹ́ yá 50,000 sẹ́fà. Akọ̀wé ní, "Bàbá, ẹ dúró fún un, kí ẹ fọwọ́ síwèé." Ó dìde dúró, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìwé, ó gbé e kúrò. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ka owó sílẹ̀. Ìgbà tí owó wọgbó ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. "Ta ló rí orúkọ mi níbẹ̀? Ẹ ní kí n dúró, mo dúró. Ṣé kí n má jókòó mọ́ láyé ni?"

Ẹ má pè é ní òpè o. Ó sọ fún ìbátan rẹ̀ kan ní Kútọnu lórí fóònù pé, "Ilé mi, ilé yín ni. Ìgbàkígbà tó bá wù yín." Nígbà tí àkókò Àrígbó tó, ìbátan dé tòun tìyàwó, ọmọ mẹ́fà àti ìyá ìyàwó, ẹní lábẹ́ abíyá. Bẹ́ẹ̀-lẹ-wí na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. "Háà! Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé mà ni! Ṣé Faransé ti gba èdè Ìdàáṣà lẹ́nu yín ni? Ṣé gbogbo ohun tí àgbà bá wí lẹ máa ń mú bẹ́ẹ̀?"

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí; bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Bó bá dénú Bẹ́ẹ̀-lẹ-wí, èyí tí kò ní ná an lówó nìkan ló ń kù. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kún ọ́fíìsì ìjọba, láti Kútọnu dé Èkó: "Ẹ ní kí n gba fọ́ọ̀mù yín, mo gbà á. Ẹ ò ní kí n gbé e fún ọ̀gá."

Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn da nǹkan pọ̀, kó fi òwe sílẹ̀ sílé. Kó sọ pé: ẹ lé ewúrẹ́, ẹ kọ orúkọ yín, ẹ san owó. Kó sì mú ẹlẹ́rìí dání.