Oríkì Adínilétí-láìlo-òwú

Bí ìgò kẹta bá ti tán lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta nílé ọtí kan l'Òkè-Àdó, ọ̀rẹ́ méjì tí orúnkún wọn ń kan ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun síra wọn. "Àjọ ńkọ́?" "Ó jó? Ilé ta ló jó?" Lónílé ọtí bá tún yí sípíkà sókè, torí àwọn oníbàárà ní àwọn ò gbọ́ orin dáadáa mọ́.

Ẹ yàgò lọ́nà! Ọtí ń bọ̀, Adínilétí-láìlo-òwú, dókítà etí tí kò dun ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹnu wọlé, ó ní kí etí wá sanwó. Ògiri Òkè-Àdó létí. Ti ọ̀mùtí ló ṣòro rí.

Àwọn oníṣègùn Lọ́ńdọ̀nù ti fọwọ́ sí oyè náà. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n yẹ etí èèyàn 30 wò kí wọ́n tó mutí àti lẹ́yìn tí wọ́n mu ún tán. Ohùn tó rẹlẹ̀ ló bọ́ mọ́ wọn létí jù, pàápàá èyí tó wà ní ìwọ̀n 1000 Hz, tí a fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀. Adínilétí mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà. Ibẹ̀ gan-an ló lúgọ sí. O kú iṣẹ́ o, Ọtí! Nínú etí, iṣan kékeré kan wà tó máa ń sún kì kí ariwo ńlá má bàa wọlé tààrà. Máígádì yìí náà ń bá wọn mu ún: ariwo gbọ́dọ̀ le sí i kó tó jí.

Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ariwo ibi ìgbafẹ́ má ju ìpíndọ́gba 100 decibel lọ. Etí wo ni wọn ó fi gbọ́?

Bí ọ̀gbẹ́ni bá délé, tó fẹ̀yìn lélẹ̀, ibùsùn á máa yí. Ọtí ti wọnú ẹ̀yà etí tí kì í jẹ́ ká ṣubú, ó ti mú un fúyẹ́ ju omi tó yí i ká lọ. Adínilétí-láìlo-òwú, Amúbẹ́ẹ̀dì-jó-láìlónílù!

Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó mu párága kó tó kó èrò lọ sí Challenge lè má gbọ́ fèrè ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èrò ọ̀hún ò sì bá a mutí. Onílé ọtí mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ ń sùn lẹ́yìn ògiri, ó ṣì ń yí sípíkà sókè. Ìkà ni.

Tílẹ̀ bá mọ́, etí ọ̀mùtí á máa hó yee, á ní àwọn ọ̀tá ló ń pe orúkọ òun. Ìyàwó rẹ̀ pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru, kò gbọ́. Ti ọ̀tá ló gbọ́.